Ìwọ̀n Aṣọ Nọ́ọ̀sì Tó Kọ̀ Tí Kò Dúró

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agéṣọ dé ilé iṣẹ́ aránṣọ náà, kò sí aránṣọ kan tí ìdí rẹ̀ gbé orí àga. Ọkọ̀ akẹ́rù fi ẹ̀yìn wọ àgbàlá, ọkùnrin mẹ́fà ń rọra sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin, ogójì obìnrin sì rọ́ síta, òwú lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lára àyà aṣọ, wọ́n ń pariwo, "Ẹ rọra! Ẹ yà sápá ọ̀tún! Ẹ wo ògiri o!" bí ẹni pé àwọn ló fi owó ara wọn rà á.

Kì í ṣe tiwọn rárá. Wọ́n yá a fún ọjọ́ kan péré ni. Ó gùn tó ibùsùn mẹ́ta tí a tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè rẹ̀, wọ́n sì ní kí oòrùn tó wọ̀, á ti gé aṣọ ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ìyá Onítéèpù náà jáde wá wò ó, ó káwọ́ sẹ́yìn. Òun ló ń wọn ara èèyàn nílé iṣẹ́ yìí láti ogójì ọdún ó dín mẹ́ta. Kò mọ̀wé púpọ̀. Ó mọ òǹkà ara téèpù, ó sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá kán an lójú. Àmọ́ orí rẹ̀ ju ìwé lọ. Bó bá ti wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ti di tirẹ̀ nìyẹn; ó lè pàdé rẹ lójú ọ̀nà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kó ní, "Àyà rẹ ti fi íǹṣì méjì sanra, ṣé àlàáfíà ni?" Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: òun á wọ̀n, òun á pè é sókè, akọ̀wé á sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin kan ṣoṣo ló fún akọ̀wé: "Ohun tí mo bá pè ni kó o kọ. Má fi tìrẹ kún un, má yọ níbẹ̀."

"Ìyá Onítéèpù," Bàbá Àlùmọ́gàjí ké sí i. Òun ni olórí àwọn tó ń fọwọ́ gé aṣọ níbẹ̀, ó sì máa ń fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ kọ́ ìgbànú bí ọlọ́pàá ṣe ń kọ́ kóńdó. "Ẹ wá wo ọ̀bẹ tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi."

"Oúnjẹ wo? Ìwọ tó gé apá òsì méjì fún ẹwù kan lọ́sẹ̀ tó kọjá? Àánú ni wọ́n ń ṣe ọ́ níbí, kì í ṣe oúnjẹ."

Àwọn aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá náà máa bímọ tó jọ ọ́, ìyá sì ní òun ti bí i, ọmọ òun náà sì ti bí tirẹ̀, èyí tó wà nínú ilé lọ́hùn-ún níwájú kọ̀ǹpútà.

Òótọ́ ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó síbẹ̀, àwọn aránṣọ ń pè é ní Ọmọ Oníkọ̀ǹpútà. Kò tíì pé oṣù méjì tó débẹ̀. Ìyá Onítéèpù fúnra rẹ̀ ló bẹ Ọ̀gá, obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, pé kó gbà á síṣẹ́. Ọ̀gá ní òun á dán an wò. Ìdánwò ọ̀hún ló wá dé lónìí yìí.

Ilé ìwòsàn tuntun kan fẹ́ ṣí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì gbé aṣọ nọ́ọ̀sì wọn fún ilé iṣẹ́ yìí rán. Nọ́ọ̀sì ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ìyá Onítéèpù ti wọn gbogbo wọn, ìwọ̀n mẹ́sàn-án lára ẹnì kọ̀ọ̀kan: èjìká, àyà, ikùn, ìdí, títí dé ọrùn ọwọ́. Akọ̀wé ti da gbogbo rẹ̀ látinú ìwé sínú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n tì mọ́ yàrá kékeré kan lẹ́yìn, tí fáànù kì í sinmi lórí rẹ̀. Íǹṣì ni gbogbo ìwọ̀n náà, torí íǹṣì ni téèpù ìyá láti ọjọ́ tó ti wà. Ẹ̀rọ agéṣọ ní tirẹ̀ kò gbọ́ íǹṣì. Sẹ̀ǹtímítà nìkan ló gbọ́.

"Kò le," Ọmọ Oníkọ̀ǹpútà ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. "Màá kọ ìwé àṣẹ kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún, á sọ íǹṣì di sẹ̀ǹtímítà, á sì fi wọ́n pamọ́. Èmi kàn máa jókòó síbí máa wò ó ni."

Agogo kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo èèyàn ti kún ẹ̀yìn rẹ̀. Òǹkà ń sáré lójú kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ bí èèrà tó rí ṣúgà: mẹ́rìndínlógójì ń di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ogójì ń di ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀. Kí a tó pajú pẹ́, ó dúró, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Ó TI PARÍ. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá.

Ariwo sọ! Àwọn aránṣọ fò mọ́ra wọn. Ọ̀gá pàápàá, tí kì í yá ẹ̀rín lò, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Inú Ìyá Onítéèpù dùn dé ibi pé ó gbàgbé pé eékún ń dun òun, ó jó yí àga po.

"Ẹ dákẹ́ ná," Bàbá Àlùmọ́gàjí ní. "Kí n tó kí yín kú oríire, ẹ ṣí ti nọ́ọ̀sì kan kí n fojú ara mi rí i."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ti nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Àyà: mẹ́rìndínlógójì.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó tì í, ó tún un ṣí. Mẹ́rìndínlógójì. Ó ṣí ẹlòmíì. Íǹṣì. Ó ṣí ìkẹwàá. Íǹṣì. Gbogbo wọn ti padà síbi tí wọ́n ti wà, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n rí.

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógójì ni ẹ̀rọ máa gé fún àyà?" Bàbá Àlùmọ́gàjí fi ọwọ́ méjèèjì wọn afẹ́fẹ́. "Aṣọ ọmọlangidi nìyí! Ilé ìwòsàn á máa kó nọ́ọ̀sì wọn sínú páálí bàtà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e mì nígbà tí wọ́n rí ojú Ọ̀gá.

Ọ̀gá kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani. "Agogo méjì ni ẹ̀rọ máa ka ìwọ̀n látinú kọ̀ǹpútà," ó ní. "Bí ìwọ̀n bá ṣì jẹ́ íǹṣì, mi ò lè jẹ́ kó gé e, torí aṣọ tí wọ́n pa láró fún iṣẹ́ yìí kò ní àfikún. Màá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn padà. Wọn ò ní í ráyè wa títí oṣù tó ń bọ̀. Bàbá, bí ẹ bá fọwọ́ gé e ńkọ́?"

"Ọjọ́ mẹ́wàá, bí ọwọ́ ò bá bó. Ọjọ́ wo la máa wá rán an?"

"Ẹ ò rí i. Iṣẹ́ bọ́ nìyẹn." Ó yíjú sí Ọmọ Oníkọ̀ǹpútà. "Ọmọ mi, mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ wa, má wulẹ̀ wá lọ́la."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Onítéèpù láyà ju bó ṣe gún ọmọ náà lọ. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í. "Ìṣẹ́jú mélòó ló kù?"

"Ọgọ́ta, Màmá. Ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́ta."

"Ó pọ̀. Ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún òmùgọ̀."

"Màmá, ẹ kì í ṣe òmùgọ̀."

"Mo mọ̀. Ṣàlàyé."

Ọmọ náà gbé ìka lé ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé òun gbàgbé láti sọ fún un pé kó fi iṣẹ́ pamọ́. Ìyá ní, "Bí ẹni tó rán aṣọ tí kò ta òwú ní kókó. Ó rán an lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí o bá fà á, á tú."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kókó wà níbẹ̀. Mo ta á." Ó tún rò ó. "Àbí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi ni kò ṣí ilẹ̀kùn? Bóyá wọn ò fún mi láyè láti yí nǹkan padà." Ó ṣí ti nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún sí àyà, ó fi pamọ́, ó tì í, ó tún un ṣí.

Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

"Ó dúró!" akọ̀wé ké. "Ó dúró o!" gbogbo ilé gbà á.

"Ẹ jẹ́ ká máa fọwọ́ yí wọn nígbà náà!" Ọ̀gá ní.

"Ìwọ̀n mẹ́sàn-án lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, mà? Ilẹ̀ á mọ́ bá wa." Ọmọ náà ti ń dá a padà sí mẹ́rìndínlógójì kíákíá. "Mi ò lè fi èyí sílẹ̀ báyìí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ bí ìwé àṣẹ bá tún dé orí rẹ̀, á yí i lẹ́ẹ̀kejì, á di aṣọ erin. Ṣùgbọ́n mo ti mọ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn ṣí. Kókó wà. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó ń kọ̀."

"Bí ẹnì kan bá kọ̀, kí ló kan àwọn tó kù?" Bàbá Àlùmọ́gàjí bi í. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Òun náà ti tẹ̀ síwájú.

"Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, bàbá. Mo sọ fún un pé kó gba gbogbo wọn pa pọ̀ tàbí kó má gba ìkankan, kí ìdajì má baà jẹ́ íǹṣì kí ìdajì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà. Bí ọ̀kan bá yọ ọrùn, gbogbo wọn á dà padà."

"Kí ló dé tí kò pariwo pé ẹnì kan kọ̀?" Ọ̀gá bi í. "Ó ní ó ti parí!"

Ọmọ náà bo ojú. "Mo ní kó máa panu mọ́, mà."

"O ní kó ṣe kí ni?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ ọ̀rọ̀ pupa síta, akọ̀wé sì fà á yọ lára iná…"

"Mo rò pé ó fẹ́ gbiná ni!" akọ̀wé ké. "Pupa ni, ó tún ń dún!"

"Mo ní kó má kọ pupa mọ́, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ó panu mọ́ lóòótọ́." Ó wá ìlà tó fi pa á lẹ́nu mọ́, ó yọ ọ́ dànù, ó tún tẹ bọ́tìnnì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ pupa fò síta, kọ̀ǹpútà ń dún pì-pì-pì, akọ̀wé sì fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ mú. Ó kọ ọ́ pé: Mi ò gbà á.

"O ò gba ta?" ọmọ náà jágbe mọ́ ọn bí ẹni ń bá èèyàn jà. Kò sọ. Mi ò gbà á, ó tán.

Agogo kan ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ìyá Onítéèpù ti ń wo afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń ka nǹkan tó jìnnà. "Ọdún tí abẹ́rẹ́ kán sínú aṣọ ọmọ ìkókó," ó ní. "Ẹnikẹ́ni kò tíì débí nígbà náà, bóyá Bàbá Àlùmọ́gàjí nìkan, ó ṣì nírun lórí."

"Mo ṣì ní in," bàbá ní.

"Ọ̀ọ́dúnrún aṣọ ìkókó la ti ká, a ti dì wọ́n, la wá rí i pé ẹnu abẹ́rẹ́ kan ti kán sínú ọ̀kan. Ọ̀gá àtijọ́ ní kí a máa gbọn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Mo ní rárá. Mo pín òkìtì náà sí méjì, mo gbé òòfà lé apá kan. Òòfà kò fà, mo gbé apá yẹn kúrò. Mo pín èyí tó kù sí méjì, mo tún gbé òòfà lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni mo gbé òòfà yẹn, mo rí i."

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wò ó bí ẹni rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ẹnu kò ó lórí, ó yí padà sí kọ̀ǹpútà, ìka rẹ̀ sì ń sáré.

Ó rán ìdajì àkọ́kọ́: mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí pupa. Ó ṣí ọ̀kan níbẹ̀: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún!

"Ó dúró!"

"Akọ̀wé, ẹ sàmì sí gbogbo àwọn yìí pé wọ́n ti ṣe, kí n má baà fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Ẹnì kan tó ń kọ̀ wà nínú ìdajì tó kù." Ó pín in. Méjìdínlọ́gọ́rin. Pì-pì-pì, pupa. "Ibẹ̀ ló wà!" Ó rán méjìdínlọ́gọ́rin kejì. Ó dúró. Ó pín ti pupa náà: mọ́kàndínlógójì. Ó dúró!

Báyìí ni ilé iṣẹ́ di pápá eré. Bí pupa bá yọ, wọ́n á ní "Háà!" bí ó bá dúró, wọ́n á ní "Ó dúró!" pẹ̀lú àtẹ́wọ́, àwọn tí kò ríbi dúró ti gun àga, obìnrin kan ń pariwo òǹkà síta lójú fèrèsé fún àwọn ọkùnrin ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Ogún ló kù. Mẹ́wàá ló kù! Bàbá Àlùmọ́gàjí ti bọ́ fìlà, ó ń fi ń fẹ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń fẹ́ akànṣẹ́. Márùn-ún. Mẹ́ta. Akọ̀wé ń sàmì.

Ọ̀kan.

Gbogbo ilé tẹ̀ síwájú.

"Ẹ jẹ́ ká wo aláìgbọràn yìí," ọmọ náà ní, ó ṣí i. Ó ń kà á sókè: "Èjìká, mẹ́rìndínlógún. Àyà, méjìdínlógójì. Ikùn…" Ó fẹ́jú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ikùn kí ni?" Ọ̀gá bi í.

"Kì í ṣe òǹkà ló wà níbẹ̀, mà. Ọ̀rọ̀ ni. Ó kọ ọ́ pé, 'Ó ṣì ń dàgbà.'"

"Akọ̀wé!" Bàbá Àlùmọ́gàjí yíjú. "Níbo la ti ń wọn ikùn ní ó-ṣì-ń-dàgbà? Íǹṣì mélòó ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Akọ̀wé ti là ẹnu, omi ti kún ojú rẹ̀. Ó wo Ìyá Onítéèpù, ó sì wolẹ̀.

Ìyá ti rántí. Ó rí i kedere bí ẹni pé àná ni: ọjọ́ kẹta tí wọ́n lọ wọn àwọn nọ́ọ̀sì, òjò ń rọ̀, ọ̀dọ́bìnrin sísanra kan tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo, oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ó yí téèpù mọ́ ọn nínú, ọmọ inú sì ta téèpù nípàá, ó ta á gan-an, téèpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ká téèpù rẹ̀, ó ní òun kì í wọn ohun tí kò tíì dúró, ó sì pè é sókè sí akọ̀wé pé ó ṣì ń dàgbà. Akọ̀wé kọ ohun tó gbọ́. Kò fi tirẹ̀ kún un, kò yọ níbẹ̀. Nígbà tó sì máa dà á sínú kọ̀ǹpútà, ó dà á bó ṣe rí i.

Ó lè dákẹ́. Àfi akọ̀wé, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀. Ó dìde.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni mo sì pè, torí ó ń dàgbà. Kí ẹnikẹ́ni má fojú burúkú wo akọ̀wé. Ọ̀gá, bí ẹnì kan ò bá ní í wá lọ́la, èmi ni."

"Màmá!" ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní. "Èmi ni mo ṣòfin àárọ̀ yìí pé òǹkà nìkan ni kó gbà, mi ò yẹ̀ wọ́n wò kí n tó ṣe é. Èmi náà ni mo pa á lẹ́nu mọ́."

"Ẹ máa jà sí i tó bá di ìrọ̀lẹ́!" Ọ̀gá ké. "Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá! Ẹ yọ obìnrin yìí kúrò, ká gé tàwọn yòókù."

Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù mi orí lójú fèrèsé. "Kò ṣe é ṣe, mà. Èèyàn ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni ẹ̀rọ ti fi ṣètò aṣọ. Bí ọ̀kan bá dín, á tún ìṣirò ṣe látìbẹ̀rẹ̀, wákàtí kan gbáko ni. A ò sì lè dúró."

"Ẹ̀yin náà ò sì lè fi aboyún sílẹ̀ níhòòhò," Ìyá Onítéèpù ní. "Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ pè é."

Ọ̀gá fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ó dún, ó dún, ó dún.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ta nìyẹn?"

"Èmi tí ọmọ rẹ ta ní téèpù nípàá," Ìyá Onítéèpù kígbe sínú fóònù bí ẹni pé odò ló wà láàárín wọn.

Ẹ̀rín bú láti ọ̀hún. "Màmá! Ó ṣì ń ta o! Àná ló ta àwo oúnjẹ kúrò lórí ikùn mi."

"O kú ìnira rẹ̀. Fetí sílẹ̀, ọmọ mi. Ikùn rẹ nìkan ló ń dá ọ̀ọ́dúnrún èèyàn dúró níbí. Ṣé o lè rí téèpù?"

"Téèpù kẹ̀? Ikùn aboyún ni mò ń wọ̀n láti àárọ̀ nílé ìwòsàn tí mo ṣì wà títí tuntun yẹn á fi ṣí, téèpù wà lọ́rùn mi." Wọ́n gbọ́ tó ń sọ fún aboyún kan lọ́dọ̀ rẹ̀, "Ẹ bá mi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, màdáàmù, lónìí ẹ̀yin lẹ máa wọn nọ́ọ̀sì," ẹ̀rín sì ta níbẹ̀ pẹ̀lú. "Màmá, méjìdínláàádọ́fà!"

"Oṣù mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí?"

"Ó ti lé ní méje."

Ìyá di ojú kan. "Fi mẹ́rin kún un," ó sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Kó lè wọ̀ ọ́ títí ọjọ́ tó máa bí. Méjìléláàádọ́fà."

Ọmọ náà pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ó tẹ òǹkà síbẹ̀. Agogo méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìka rẹ̀ ti ń bọ̀ lórí bọ́tìnnì nígbà tí ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú pátápátá, àfi bí ẹni mú olè.

"Dúró! Má tẹ̀ ẹ́!"

"Màmá, àkókò!"

"Téèpù ilé ìwòsàn kì í ṣe téèpù tèmi! Ikùn tó bá tó íǹṣì méjìdínláàádọ́fà, ilé ni, kì í ṣe ikùn. Sẹ̀ǹtímítà ló pè fún wa!"

Ọmọ náà là ẹnu. Ìwọ̀n mẹ́jọ yòókù jẹ́ íǹṣì, ikùn nìkan ti jẹ́ sẹ̀ǹtímítà. Bó bá fi tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á tún ikùn yẹn yí, èèyàn mẹ́ta á lè wọ aṣọ náà pọ̀. "Mo gbé, mo gbé, mo gbé," ó ń sọ lábẹ́ ẹnu, ó sì ń kọ ìlà kan kún ìwé àṣẹ pé kó fo ikùn dá, kó yí àwọn mẹ́jọ tó kù. Ó ṣi ọ̀kan kọ, ó pa á rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó TI PARÍ. Ọ̀kan.

Ẹnì kan fẹ́ hó. "Ẹ má yọ̀!" Ọ̀gá ní, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí. Tì í. Tún un ṣí."

Ó tì í. Ó tún un ṣí. Gbogbo ọrùn nà.

Èjìká, ogójì ó lé díẹ̀. Àyà, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ó lé díẹ̀. Ikùn, méjìléláàádọ́fà.

"Ó dúró," Bàbá Àlùmọ́gàjí sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bú jáde bí ìbọn: "Ó dúró o! Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dúró!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ tán. Wọ́n gbé ọmọ náà kúrò lórí àga, wọ́n gbé akọ̀wé tó ń sunkún ayọ̀, wọ́n fẹ́ gbé Ìyá Onítéèpù, ó ní kí wọ́n fi eékún òun sílẹ̀. Láti inú fóònù tí ẹnikẹ́ni kò rántí pa, nọ́ọ̀sì ń kígbe, "Ẹ sọ fún mi! Ṣé ikùn mi wọlé? Ẹ sọ fún mi!"

Agogo méjì lù. Nínú àgbàlá, ẹ̀rọ gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná àwọ̀ ewé tàn lára rẹ̀, ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì rọra bọ́ sórí aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Fììì. Fììì. Kò pariwo tó bí gbogbo wọn ṣe rò.

Àyà aṣọ àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ìyá Onítéèpù ló kọ́kọ́ mú un. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fa téèpù rẹ̀ yọ, ó wọ̀n ọ́n láti etí dé etí, ó fi àyè ojú rírán sí i. Ó tún un wọ̀n. Ó gbé ojú sókè, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì pè é sókè kí gbogbo àgbàlá gbọ́: "Àyà, ó pé!"

Ọ̀gá wá dúró ti ọmọ náà. "Agogo mélòó lo máa ń dé?"

"Mẹ́jọ, mà."

"Wá ní méje ààbọ̀ lọ́la. Ilé ìwòsàn yẹn ní bí ti nọ́ọ̀sì bá dára, àwọn á fún wa ní ti dókítà." Ó yíjú sí ìyá. "Ẹ̀yin náà, Màmá. Kí n má gbọ́ pé ẹnì kan ò ní í wá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá Onítéèpù ní.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fà á lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá tún bá aboyún pàdé láàárín àwọn dókítà, kí lẹ máa pè?"

"Ohun tí mo bá rí ni màá pè. Ìwọ lo ni kọ̀ǹpútà, ìwọ ni kó o wá ibi tí wàá kọ ọ́ sí."

Ọmọ náà rò ó wò, ó rẹ́rìn-ín, ó padà sínú ilé lọ ṣe ààyè kan fún ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà kí ó tó gbàgbé. Nínú àgbàlá, àwọn aránṣọ ti tò sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń gba apá aṣọ bó ṣe ń bọ́, wọ́n ń sáré gbé e wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.